Headset Aláìníwáyà tí Mo Rà, àti Ariwo tó Kúrò Nílé Wa

Mo ti ra headset tuntun. Aláìníwáyà ni. Àwọn tá a jọ ń gbá géèmù lóru ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn, ó wá kan ẹ̀yin náà báyìí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: torí wáyà ni mo ṣe náwó, àmọ́ kì í ṣe wáyà tó lọ ló dùn mọ́ mi jù. Nǹkan kékeré kan wà nínú headset yìí tí ọmọ tó tà á fún mi ò dárúkọ ẹ̀ rárá, òun gan-an ló jẹ́ kí àárín èmi àti màámi gún. Màá débẹ̀.

Iṣẹ́ káàdì ìpè àti bánà ni mò ń ṣe jẹun ní Mọ́kọ́lá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń gbéyàwó, àwọn tó ń sìnkú, àti àwọn tó fẹ́ kí fọ́tò pásítọ̀ tóbi ju orúkọ Jésù lọ. Tó bá wá di alẹ́, tí mo délé ní Òkè-Àdó, tí mo ti jẹun, tí iná sì wà, kọ̀ǹpútà di tèmi nìyẹn. Counter-Strike 2 ni, géèmù ìbọn. Ọdún 2023 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún ni a máa ń kojú ara wa, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá kó tó yọ, ojú nìkan ò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí headset fi ṣe pàtàkì nínú ẹ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí PS lè fi ti tẹlifíṣọ̀n ṣe é, àwa ò lè fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sin òkú ti àtijọ́. Mo ti lò ó pẹ́. Wáyà ẹ̀ ti kán nínú, níbi tó ti wọ etí òsì. Tí n bá yí orí díẹ̀ sápá ọ̀tún, etí òsì á kú. Tí mo bá dá orí padà, á jí. Mo tú bírò kan, mo yọ sípíríǹgì inú ẹ̀, mo fi wé ibi tó kán, mo wá fi téèpù dúdú àwọn oníṣẹ́ iná dè é mọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó tún yá, mo di ẹni tó ń tẹ orí sápá kan gbá géèmù, ọrùn á sì máa ro mí tí n bá jókòó sídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Awọ etí ẹ̀ náà ti ń bó. Ẹ mọ awọ dúdú yẹn tí kì í ṣe awọ gidi, tí òógùn àti ooru bá ti bá a jà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ré wẹ́wẹ́. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni màámi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àjàní, kí ló wà létí ẹ yẹn? Ṣé orí èédú lo sùn ni?"

Mo fọwọ́ nu ún, ó tún kù. Títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù ni mò ń yọ awọ headset nínú irùngbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí ló dé tí n ò kúkú lo Bluetooth tí mo fi ń gbọ́ orin. Ìbéèrè tó dáa ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń bi mí bẹ́ẹ̀, nítorí náà màá dáhùn ẹ̀ dáadáa. Ohùn tó bá gba Bluetooth kọjá máa ń pẹ́ kó tó dé etí. Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù á kọ́kọ́ fún ohùn náà pọ̀ kó lè kéré, á fi ránṣẹ́, headset á gbà á, á tú u, á sì tún kó díẹ̀ jọ kó má baà máa já. Gbogbo ìyẹn lè tó 200 mílísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdù kan. Tẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù, ẹ ò ní mọ̀, torí ẹ̀rọ mọ bí òun ṣe ń fa àwòrán sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹnu àti ọ̀rọ̀ lè jọ rìn. Géèmù ò lè fa ohunkóhun sẹ́yìn. Ẹni tó yìnbọn ti yìnbọn.

Àwa tá a wà n'Ìbàdàn tún wá ní ẹrù tiwa tẹ́lẹ̀. Sáfà tó sábà máa ń gbà wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù ń gbà kọjá, Yúróòpù ló wà, ping (iye mílísẹ́kọ́ǹdù tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ dé sáfà kó tó padà) tó tó 100 lọ sókè kì í ṣe nǹkan tuntun létí wa. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí sáfà ti rí mi kí n tó rí wọn. Kí n tún wá fọwọ́ ara mi gbé 200 lé e lórí? Kí ni mo jẹ wọ́n?

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni máìkì. Bluetooth tó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ò lè gbé ohùn tó kún wá sí etí yín kó tún máa gbé ohùn yín lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí máìkì báyìí, ó máa yí sí ti ìpè fóònù, gbogbo géèmù á há, ọ̀tún àti òsì á di ọ̀kan, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá a á sì máa gbọ́ yín bíi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Ẹ̀yin onípílésítéṣọ̀n, ẹ má tiẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. PS4 àti PS5 kì í gba headset Bluetooth wọlé ní tààrà rárá. Ó di kẹ́ ẹ ki wáyà bọ ojú pádì, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tó ní dongle tiẹ̀.

Dongle yìí lọ̀rọ̀ wà. Ohun pélébé tá a máa ń kì bọ ojú USB ni. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé orí ìgbì rédíò kan náà ni òun àti Bluetooth wà, 2.4 GHz ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń rìn, ìrìn wọn ni kò dọ́gba. Bluetooth gbọ́dọ̀ gbọ́ra yé pẹ̀lú fóònù gbogbo ayé, àti tuntun àti àtijọ́, ó ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé. Dongle àti headset tiẹ̀, inú páálí kan náà ni wọ́n ti jọ jáde, wọn ò ní ẹlòmíì tí wọ́n ń dúró dè, wọ́n sì ń sáré sọ̀rọ̀ síra wọn débi pé etí ò lè mọ ìyàtọ̀ sí wáyà. Èmi ò mọ̀ ọ́n, mo sì tẹ́tí gan-an.

Ìwó Road ni mo lọ, lọ́dọ̀ àwọn oní-fóònù. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rọra rìn kí wọ́n má fà yín lápá. "Brọ́dá mi, kí lẹ fẹ́? iPhone? Ṣájà? Ẹ wọlé ẹ jókòó." Ọmọ kan tí kò lè ju ogún ọdún lọ ló gbé tòkunbọ̀ kan jáde fún mi. Headset náà mọ́, ó wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo, etí ẹ̀ ò tíì bó. Ó fẹ́ wù mí. Mo ní, "Dongle ẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí. "Dongle báwo? Bluetooth ni, brọ́dá mi. Ẹ mú fóònù yín wá, ẹ jẹ́ n so ó."

Mo dá a padà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹyọ ìmọ̀ràn kan péré lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí: ẹ kọ́kọ́ bèèrè dongle kẹ́ ẹ tó bèèrè iye. Ẹni tó lò ó lókè òkun gbàgbé tiẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà, ó gbé headset fún àwọn tó ń kó ẹrù, ó dé ọ̀dọ̀ wa láìní ẹnìkejì ẹ̀. Òmíràn lára wọn ò tiẹ̀ ní Bluetooth rárá, àfi kẹ́ ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Kò sì sí pé ẹ máa lọ mú dongle headset míì kẹ́ ẹ fi pàrọ̀, torí ilé iṣẹ́ ti fi ẹ̀rọ méjèèjì mọ ara wọn kí wọ́n tó kó wọn sínú páálí, ẹ̀yà kan kì í sì sábà gbọ́ ti ẹ̀yà kejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, èyí tó ní tuntun, ọ̀rọ̀ míì ló wà ńlẹ̀. "Ọ̀gá mi, sẹ́fùn pọ́ìntì wọ́ọ̀nù ni o!" Ó ń fi ìka gbá ojú páálí níbi tí wọ́n kọ 7.1 sí gàdàgbà, ìyẹn ohùn bíi ti spíkà méje tó yí èèyàn ká pẹ̀lú ọ̀kan fún ohùn tó wúwo. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò bá a jà. Spíkà méjì ló wà nínú headset, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì, ibi tí 7.1 ti wá, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Etí wa náà, méjì ni. Bí nǹkan bá dún lápá ọ̀tún, etí ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ti òsì á tẹ̀ lé e, àlàfo àárín wọn ò sì pé mílísẹ́kọ́ǹdù kan, nǹkan bíi 0.7 ló lè pọ̀ mọ. Ìyẹn wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dún. Counter-Strike ń ṣe ìṣirò yìí fúnra ẹ̀ kó tó fi ohùn ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún wá tan 7.1 lé e lórí, ẹ̀ ń bu omi la ọbẹ̀ tó ti jinná ni. Mo máa ń pa á. Ẹni tó bá fẹ́, kó tan án.

Ohun tó yẹ kéèyàn wò lójú páálí ni bí bátìrì ṣe lágbára tó àti bó ṣe wúwo tó. Bátìrì wọn jìnnà síra gan-an: HyperX Cloud Alpha Wireless ní wákàtí 300 lójú páálí tiẹ̀, Logitech G435 ní 18, àmọ́ G435 yẹn ò ju gíráàmù 165 lọ, ẹ lè gbàgbé pé ó wà lórí yín. Kálukú ló máa mọ èyí tó ń dà á láàmú, orí tàbí iná. Èyí tí èmi rà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ láti polówó. Ó wà láàárín àwọn méjì yẹn.

Mo ti gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì láti ilé. Kí n tó sanwó, mo jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù náà, mo ki dongle bọ̀ ọ́, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀: "Ọ̀kan, èjì, ẹ káàbọ̀ sí Ìwó Road." Mo gbọ́ ọ padà. Lẹ́yìn ohùn mi ni kọndọ́ ń pe Ọ̀jọ́ọ̀, ẹnì kan ń pariwo "ẹ gbé e kúrò lọ́nà," síbẹ̀ ohùn tèmi ló wà níwájú kedere. Ìyẹn ló tà á fún mi. Lórí iye, a pa á, a jí i, ó ní òun ò jèrè nínú ẹ̀, mo ní kó rántí Ọlọ́run, a parí ẹ̀ síbi tó dùn mọ́ àwa méjèèjì díẹ̀. Owó káàdì àti bánà ìgbéyàwó ńlá kan lọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló fún mi láti fi dán an wò. Mo gbé e lé itan nínú Míkírà délé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà létí mi. Ó tún ń já. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa bá ọmọ Ìwó Road náà sọ̀rọ̀ lọ́la, kí n tó wo ibi tí mo ki dongle sí: ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ní ojú USB aláwọ̀ búlúù, ẹ̀gbẹ́ kan náà tí hard disk tí mo ń kó iṣẹ́ sí wà. MiFi sì jókòó sórí kọ̀ǹpútà náà gan-an. Wi-Fi, 2.4 GHz ni tiẹ̀ náà lórí MiFi mi. Ti USB aláwọ̀ búlúù yẹn ló tún wá yani lẹ́nu, USB 3.0 ni: bó bá ti ń gbé dátà, ó máa ń tú ariwo rédíò síta, ariwo ọ̀hún á sì bọ́ sórí 2.4 GHz. Intel ti tẹ ìwé jáde nípa ẹ̀ láti ọdún 2012. Oògùn ẹ̀ ò ju wáyà USB kékeré kan lọ tó máa gbé dongle wá síwájú, sórí tábìlì. Mo gbé MiFi lọ sójú fèrèsé, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa jù náà nìyẹn. Pàràpàrà tán. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sá fún wáyà, mo tún ra wáyà.

Ògiri ilé wa nípọn, ilé àwọn bàbá wa ni, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù òde òní. Síbẹ̀ mo dìde lórí àga, mo lọ bu omi mu ní kíṣìnì, mo ṣì ń gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń bú mi pé mo tún ti kú. Ìgbà tí mo dé ìdí kànga lẹ́yìnkùlé ló tó já.

Ó yá, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ màámi.

Yàrá wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ fún Àsùbáà, wọn kì í sì fi oorun ṣeré. Oorun wọn ò le, bí ẹyẹ bá bà lórí páànù, wọ́n á gbọ́. Ẹ wá wo èmi, láàárín òru, tí mò ń ké "Pa á! Pa á! Ó wà lẹ́yìn ẹ! Ó ti jáde, pa á!" Wọ́n á kọ́kọ́ lu ògiri. Mi ò ní gbọ́, headset wà létí mi. Wọ́n á wá sílẹ̀kùn, wọ́n á fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ẹ̀rù á bà mí débi pé màá fẹ́ fò.

"Àjàní, ta lo ní kí wọ́n pa?"

"Ẹ má bínú, màámi. Géèmù ni."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ṣé ará àdúgbò mọ̀?"

Ìyá alákàrà tó wà lójúde wa ò mọ̀ lóòótọ́. Ó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń da ẹ̀wà sínú epo gbígbóná, tí kò tiẹ̀ wojú mi: "Ṣé kò sí wàhálà nínú ilé yín? Mo gbọ́ tí wọ́n ń pààyàn mọ́jú."

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà gbọ́ ni pé lóòótọ́ lóòótọ́, mi ò mọ̀ pé mò ń pariwo. Mo rò pé ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ náà ni. Dókítà etí kan wà nílẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Étienne Lombard, òun ló ṣàkíyèsí ẹ̀ lọ́dún 1909 pé bí ariwo bá wọ etí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn onítọ̀hún á gòkè fúnra ẹ̀; bí ariwo náà bá lọ, ohùn á wálẹ̀; ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sì ní mọ̀ pé òun yí nǹkan kan padà. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta ọjà nítòsí ẹ̀rọ ìlọta, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn láti pariwo. Ti headset tún wá le jùyẹn lọ, torí pé yàtọ̀ sí ìbọn tó ń dún nínú ẹ̀, fóòmù tó bo etí náà ò jẹ́ kí ohùn ara ẹni wọlé láti ìta. Ohun tó bá ṣẹ́kù, inú egungun orí ló ń gbà, ó dún bòmù-bòmù, kò yéni. Ẹni tí kò bá gbọ́ ara ẹ̀ á fi ohùn wá ara ẹ̀ kiri.

Sidetone ló ń jẹ́, ìyẹn nǹkan kékeré tí mo ń sọ bọ̀ láti òkè. Máìkì á gba ohùn yín, á fi ránṣẹ́ sí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá géèmù, á sì tún bu díẹ̀ nínú ẹ̀ padà sí etí ẹ̀yin fúnra yín, lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Tẹlifóònù onílé àtijọ́ ní in, àwọn tó lo èyí tó ń yí fìríì yẹn mọ̀ pé èèyàn máa ń gbọ́ èémí ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn headset aláìníwáyà ti géèmù ló ní in báyìí, àmọ́ ó lè jẹ́ pípa ló wà, kẹ́ ẹ wá wọnú áàpù ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ lọ tan án.

Kó tó dìgbà yẹn, mo ti gbìyànjú ẹ̀ lórí ti àtijọ́. Windows ní ibì kan tẹ́ ẹ lè fi àmì sí kó máa gbé máìkì yín padà sí etí yín. Ẹ má dán an wò tẹ́ ẹ bá ní nǹkan láti sọ. Ohùn náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà dé, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ ṣáájú á sì dé nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí èyí tó kàn, ahọ́n á lọ́ pọ̀. Mo di akólòlò lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ti headset tuntun yìí, inú headset fúnra ẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, kò dé kọ̀ǹpútà rárá, nítorí náà kò sí pípẹ́.

Mo gbé e dé ìdajì. Mo sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ara mi, ojú tì mí díẹ̀. Ohùn mi wálẹ̀ kí n tó rò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà n'Ílọrin ló kọ́kọ́ fura.

"Kí ló dé tó ò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́? Àbí o ti gbéyàwó tí o ò sọ fún wa?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màámi wá wo ojú mi dáadáa. Wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. "Ṣé ara ẹ yá? O ò gbá géèmù ẹ lánàá." Mo ní mo gbá a, títí di aago kan. Wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn ì bá ti gbọ́.

Nǹkan kejì tí máìkì náà ṣe fún mi ni ti jẹnẹrétọ̀. Ilé kejì ní ọ̀kan nínú àwọn kékeré tá à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, abẹ́ fèrèsé mi ló ń sùn. Tí iná bá lọ, tí ínfátà tèmi bá gbà á, ẹ̀rọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ máìkì àtijọ́ mi. Àwọn tó wà l'Ékòó ti máa ń mọ̀ pé iná lọ n'Ìbàdàn kí àwọn ará Mọ́kọ́lá tó mọ̀. Máìkì tuntun yìí, iwájú ẹ̀ ló ń gbọ́, ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án, mo sì máa ń fà á sún mọ́ ẹnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Wọn ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́ "Up NEPA!" tí gbogbo ọmọ àdúgbò pa lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ò ní oògùn.

Bátìrì ò tíì dójú tì mí. Agbára iná wa ò ṣeé fọkàn tán, torí náà mo máa ń fi power bank gba iná sí i. Lithium ni gbogbo wọn, wọ́n kórìíra kí wọ́n kú pátápátá kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kórìíra ooru. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Lórí ohùn: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé 80 desíbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ ni etí lè gbà láìséwu, tó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù. Láti ìgbà tí wáyà tó kán yẹn ti kúrò, mi ò nílò kí n yí i sókè láti fi bo pàràpàrà, ibi tó wà báyìí, mo ṣì ń gbọ́ fáànù.

Ohun tí mi ò retí ni pé màámi máa gba headset náà lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo rà ní Bluetooth pẹ̀lú dongle, mo sì so ó mọ́ fóònù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan kí wọ́n lè fi gbọ́ wáàsì láìsí pé àwọn ọmọ ń dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbádùn ẹ̀. Ó di pé tí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo ní láti lọ wá a lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà. Níjọ́ kan, àǹtí mi tó wà n'Ísẹ́yìn pè wọ́n nígbà tó wà létí wọn. Sidetone tèmi ò ṣiṣẹ́ tó bá wà lórí Bluetooth. Mo wà nínú yàrá mi, mò ń ṣe iṣẹ́ oníbàárà kan, ni mo gbọ́ tí màámi ń kígbe pé "ÌRẸSÌ TI WỌ́N O! MO NÍ Ó TI WỌ́N!" Mo rọra lu ògiri. Wọn ò gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ooru. Kò sí headset tó bo etí tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ n'Ìbàdàn, pàápàá lóṣù kẹta tí òjò ò tíì dé tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Etí á máa làágùn, awọ tuntun yìí náà á sì bó lọ́jọ́ iwájú bí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe. Mo tú fóòmù rẹ̀, ó máa ń yọ jáde, mo gbé e lọ bá bàbá télọ̀ tó wà lọ́nà Òkè-Àdó pé kí wọ́n bá mi fi aṣọ òwú fífẹ́lẹ́ rán ìbòrí méjì, kó ní rọ́bà yí ká, kí n lè máa bọ́ ọ fọ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n.

"Fìlà ọmọ ìkókó ni?"

"Rárá sà. Ti headset ni."

"Méjì ni wọ́n bí?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáà mọ ọjọ́ Ẹtì télọ̀.